Mi Ò Jẹ́ Kí Ọ̀rẹ́ Ọkọ Mi Fojú Ba Oorun

Ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ wá wo ẹni tí àánú tọ́ sí nínú gbogbo wa. Ohun tí mo ṣe, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là kedere. Kódà inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀yin òǹkàwé tó ń ṣọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, tó ń retí ọjọ́ ẹ̀san, kó fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Orí ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ mi wà. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo ìsàlẹ̀ òkun ni mò ń tọ́jú. Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń bẹ́ sómi, kí wọ́n tún gòkè wá jẹun o. Omi ibẹ̀ jìn débi pé oòrùn ò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí. Bí èèyàn bá dé ibẹ̀ tó sì sáré gòkè, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á hó bí ìfófòó ọṣẹ, á sì kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú yàrá irin kan lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí a fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi bá ti ìsàlẹ̀ òkun dọ́gba. Ẹyin irin kan tí à ń pè ní bẹ́ẹ̀lì ló ń gbé wọn lọ sísàlẹ̀, òun náà ló ń gbé wọn padà sínú yàrá. Bí ilé wọn ń jó, wọn ò lè jáde lọ́jọ́ náà. A ní láti kọ́kọ́ dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí.

Èmi ni mo jókòó síta, níwájú àwọn aago tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn àti fáàfù tí a fi ń ṣí i tàbí tì í. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, ọwọ́ mi ló wà. Ooru yàrá wọn, ọwọ́ mi ló wà. Ihò onílẹ̀kùn méjì kan ni mo ń gbà fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. Kódà, ẹni tó bá ṣe tán nílé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ ké sí mi kó tó da omi sí i. Ọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn á máa bẹ̀ mí bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Àǹtí, mo ti ṣe tán o." Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an.

Òmùwẹ̀ ni ọkọ mi náà. Láti ojú gíláàsì yàrá irin yẹn la ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wa. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúùnù ọmọdé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì máa ń sọ ohùn géńdé ọkùnrin di ti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀rọ kan wà níwájú mi tó ń tún ohùn náà ṣe kí á lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ òun. Á ní kí n pa ẹ̀rọ náà, á wá máa ké bí ẹyẹ. Ohùn pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló fi ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Bí mo ṣe kọ́ láti gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ nìyẹn, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ìgbà tí wọ́n ń dé àwọn kànga epo kan pa ni ọkọ mi kú. Epo ibẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì ti fẹ́ kẹ́rù lọ. Wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sínú àwọn kànga náà, wọ́n fi ìdérí irin dé wọn lẹ́nu, ó di ibi àpatì. Ìdérí tó kẹ́yìn ni ọkọ mi ń dè lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ wà lẹ́nu bẹ́ẹ̀lì, ó di okùn ẹ̀mí rẹ̀ mú. Okùn ẹ̀mí ni afẹ́fẹ́, omi gbígbóná àti ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú omi. Bí ìyọnu bá dé, ẹni tó wà nínú omi á fa okùn náà, ẹni tó wà lẹ́nu bẹ́ẹ̀lì á sì fà á wọlé. Iṣẹ́ onítọ̀hún ò ju pé kó jókòó, kó lajú, kó di okùn mú.

Mi ò sí lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé òkú ọkọ mi wá bá mi nílé, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló já ara rẹ̀ gbà kúrò lára okùn bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò tíì sí kámẹ́rà nínú bẹ́ẹ̀lì nígbà náà, ẹ̀rí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ nìkan ni wọ́n ní. "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ," ni wọ́n fi ń tù mí nínú, mo sì gbà. Ìyá ọkọ mi náà gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá dárúkọ ọmọ rẹ̀ láwùjọ, ilẹ̀ ló máa ń wò, nítorí wọ́n ti ní ikú ojo ni ọmọ náà kú.

Eyínafẹ́ ni mò ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ mi yìí, torí eyín rẹ̀ funfun gbòò, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ò sì lè máa là á lórúkọ. "Ìyàwó wa" lòun náà ń pè mí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sunkún débi pé òun ni wọ́n ń dì mú, wọ́n fi èmi opó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bá ìyá ọkọ mi tún òrùlé ṣe. Kò sí oṣù tí kì í yà kí wa. Àdúrà tí mo gbà fún ọkùnrin yẹn, tó bá jẹ́ pé ó ń gbà ni, ì bá ti hu ìyẹ́.

Ọdún gorí ọdún. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan wá yọjú, wọ́n ní àwọn ti wo ibi àpatì yẹn dáadáa, wọ́n ní èyí tó kù nísàlẹ̀ pọ̀ ju èyí tí àwọn àkọ́kọ́ fà lọ. Wọ́n ní irinṣẹ́ tuntun, wọ́n ní páìpù àtijọ́ ṣì lágbára, àwọn máa ṣí àwọn kànga náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ń wá òmùwẹ̀ àti ẹni tó máa tọ́jú wọn.

"Má lọ síbẹ̀," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ohun tí wọ́n ti dé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ yàrá irin, ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni Eyínafẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè.

"Ìyàwó wa! Ọwọ́ yín lẹ̀mí wa wà o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa wá."

"Ẹ wọlé jàre. Tí ẹ bá yọ mí lẹ́nu, mi ò ní fún yín láyè ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n jọ wọlé ni Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, àgbà òmùwẹ̀ olójú ńlá kan tó ti pẹ́ nínú omi ju inú ilé rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì péré ni. Yàrá méjì tó so mọ́ra ni irin yẹn ní, kálukú sì ní tirẹ̀. Bàbá a máa sùn wọra. Bí ọkọ̀ bá rì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹja ló máa jí i.

Iṣẹ́ ń lọ déédéé. Wọ́n ṣí kànga kan, wọ́n ṣí òmíràn. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń mu tíì níwájú àwọn aago mi, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe wà ní pípa bí a ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń sinmi. Gbohùngbohùn nìkan la máa ń fi sílẹ̀, ká lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣubú. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Mi ò kọ́kọ́ fetí sí wọn.

"Bàbá, kànga tó kàn yìí, ọ̀rẹ́ mi ló de ìdérí ẹ̀."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni wọ́n ní kí n lọ tú u."

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Eyínafẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, mo sùn."

"O sùn níbo?"

"Lẹ́nu bẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tó kú. Mo ní kí n kàn dijú díẹ̀. Ìgbà tí mo máa jí, okùn ti dẹ̀ lọ́wọ́ mi, awọ ọwọ́ mi sì ti bó. Ó fà á, Bàbá. Ó fà á títí, mi ò jí."

"O wá ní òun ló já ara ẹ̀ gbà."

"Kí ni ǹ bá sọ?"

"Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun ló jókòó síta yẹn?"

"Wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Pẹ́pẹ́yẹ lásán ló ń gbọ́." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Tó bá jẹ́ ẹkún ló sun ni, bóyá ǹ bá bá a sun ún.

Mi ò ní purọ́ fún yín: ọwọ́ mi lọ sórí fáàfù ńlá tó lè tú gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó ku kí n yí i.  Ohùn ìhọnrun Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ ló dá mi dúró, torí ó ti padà sí yàrá rẹ̀, ó ti sùn. Bàbá ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo ní kí n lọ bá ọ̀gá tó ń darí àwọn òmùwẹ̀. Mo dìde. Mo tún jókòó. Kí ni ọ̀gá máa ṣe? Á lé e lọ sílé. Á dé ilé, á wẹ̀, á na ara sórí tìmùtìmù, á sùn. Ọkọ mi ń fa okùn nínú òkùnkùn, òun ń sùn, kó tún lọ máa sùn? Rárá o. Oorun ló pa ọkọ mi. Mo ní, ó dáa, oorun náà ni màá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí yẹn a máa fa ooru jáde lára. Téèyàn bá dín ooru yàrá kù díẹ̀ báyìí, eyín á máa gbá ara wọn. Tó bá fi díẹ̀ kún un, òógùn á bò wọ́n. Mo máa dúró kí Eyínafẹ́ fi aṣọ borí, kí mímí rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá dín in kù.

"Ìyàwó wa, òtútù o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège."

Màá wá fi ooru kún un títí yóò fi ká aṣọ kúrò. Tó bá tún fẹ́ sùn, màá ṣí afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, á sì dún fìì bí ejò. "Mò ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá yín ni." Tó bá tún dijú, màá tan iná. "Eyínafẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka aago ẹnu ọ̀nà yẹn." Á dìde, á kà á. Tó bá fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá ní kó dúró ná, mo ń wo nǹkan kan. Á dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò mọ nǹkan kan, torí òru ni wọ́n sábà máa ń lọ sísàlẹ̀, àkókò oorun Eyínafẹ́ lọ́sàn-án ló sì bọ́ sí àkókò iṣẹ́ tèmi. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, màá lọ jẹun, màá jẹ àjẹyó, màá sì sùn bí ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rù. Lọ́jọ́ kan, ó wo kámẹ́rà tó wà lókè orí rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ìyàwó wa, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe fún mi? Ẹ sùn, ẹ sinmi. Àbí ẹ ò tíì sùn?"

Ó tún fi aṣọ borí. Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ ló fẹjọ́ sun ọ̀gá pé ọmọ yìí kì í sùn mọ́, kí wọ́n bá òun wo ooru yàrá rẹ̀. Ọ̀gá wá bá mi.

"Màdáàmù, kí ló ń ṣe yàrá kejì?"

"Mo ti ń tún un ṣe, ọ̀gá."

"Ẹ tètè ṣe é o. Ìdérí yẹn ló kàn."

Ìjì dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí omi rọ̀, ọ̀sán gangan ni wọ́n ní kí bẹ́ẹ̀lì máa lọ sísàlẹ̀, lójú èmi gan-an. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo fẹ́ kí Eyínafẹ́ jáde sínú òkùnkùn yẹn, kó dúró síbi tí ọkọ mi dúró sí, kí òtútù àti ẹ̀rù mú un. Ìyẹn ni mo rò pé ó máa parí ẹ̀san mi.

Ọ̀gá wo ojú Eyínafẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó mi orí.

"Ojú ẹ ò dáa. Bàbá ni kó jáde lọ tú ìdérí. Ìwọ jókòó sẹ́nu bẹ́ẹ̀lì, kó o di okùn mú. Iṣẹ́ ìsinmi nìyẹn."

 Ẹ̀yin náà ti rí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọkùnrin kan tí kò lè la ojú, wọ́n sì ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn lé e lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ: "Ọ̀gá, ọkùnrin yìí ò sùn láti ọjọ́ yìí." Ṣùgbọ́n á bi mí pé kí ló fà á. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí ò jẹ́ ṣe é mọ́, pé ẹ̀rù á la ojú rẹ̀. Irọ́ ni. Mo kàn ń dáàbò bo ara mi ni.

Bẹ́ẹ̀lì lọ. Mo dúró lẹ́yìn ọ̀gá, mò ń wo tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, èyí tó ń fi inú bẹ́ẹ̀lì hàn àti èyí tó wà lórí àṣíborí Bàbá. Bàbá ń kọrin bó ṣe ń lọ. Ó dé ìdí ìdérí náà, ìpẹtà àti ìkarahun ti bò ó. Ó há a kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú àwọn bóòtù irin tó dè é mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ìkánjú ni wọ́n fi parí ìdérí yẹn, wọn ò dé e dáadáa. Gáàsì ti ń kóra jọ sábẹ́ rẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá. Bí Bàbá ṣe tú bóòtù kan, tó fọwọ́ kan èkejì, irin náà fò sókè. Tẹlifíṣọ̀n di funfun fún ìfófòó. Orin dúró.

"Bàbá!" ni ọ̀gá pariwo. "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Bẹ́ẹ̀lì, fà á wọlé! Bẹ́ẹ̀lì!"

Bẹ́ẹ̀lì ò dáhùn. Mo wo tẹlifíṣọ̀n kejì. Eyínafẹ́ jókòó dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ wà láyà, ojú rẹ̀ pa dé. Okùn ẹ̀mí sì ń fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fò, ó dúró. Ó tún fò.

Bí ọkọ mi ṣe kú gan-an nìyẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ọ̀gá pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo tì í kúrò, mo já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ké bí wèrè.

"Eyínafẹ́! Ọkọ mi ń fa okùn! Ẹ jí o, ọkọ mi ń fa okùn!"

Ó fò dìde.  Ó ń fa okùn náà bí ẹni tó ń fa ọmọ ara rẹ̀ jáde nínú iná. Ó kó ara bọ omi dé àyà, ó di Bàbá mú lápá, ó sì wọ́ ọ wọlé.

Bàbá ò kú. Ṣùgbọ́n irin ìdérí ti fọ́ ọ léjìká, etí rẹ̀ méjèèjì sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n padà sínú yàrá irin, ilẹ̀kùn ò sì ṣeé ṣí. Ihò oúnjẹ ni mo gbà fi oògùn ránṣẹ́, dókítà ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe láti orí fóònù. Mo dá ooru yàrá padà sípò. Eyínafẹ́ jókòó, ó gbé orí Bàbá lé itan, kò sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi ni mi ò jẹ́ kó sùn.

Nígbà tí a dé ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ pè wá. Yàrá ńlá kan ni, tábìlì gígùn, ìgò omi níwájú kálukú. Obìnrin kan tó ń lo awò ojú ló jókòó sípò alága.

Eyínafẹ́ dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

"Mo sùn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Ti àkọ́kọ́, ọkọ obìnrin yìí ló kú. Kò bẹ̀rù. Kò já ara ẹ̀ gbà. Ó fa okùn, mi ò jí, mo sì purọ́ mọ́ ọn."

Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Ohun tí mò ń wá nìyẹn! Mo ti ń rí ojú ìyá ọkọ mi. Mo ní Ọlọ́run ò sùn.

Obìnrin alága yẹn wá wò mí. "A ti gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbà nínú yàrá irin," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ."

Ẹ̀rọ náà máa ń gba ohùn sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ó ń gba tèmi náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fìì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège." Fìì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka aago yẹn." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, kò parí. Láàárín rẹ̀, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín kékeré. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo orí tó wà nínú yàrá yẹn yí sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sùn?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu bẹ́ẹ̀lì, ibo lẹ wà?"

"Ẹ̀yìn ọ̀gá."

"Kí lẹ sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ìjẹ́wọ́ ọkùnrin yìí wà lórí ẹ̀rọ láti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá fún wa?"

"Ẹ kàn máa lé e lọ sílé ni," mo dáhùn. "Èmi fẹ́ kó jìyà."

Ó yíjú sí Eyínafẹ́. "Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tó ti bi mí bóyá mi ò tíì sùn ni mo ti mọ̀ pé ó gbọ́. Mo ní tó bá rẹ̀ ẹ́, á dá mi sílẹ̀. Tí mo bá fẹjọ́ ẹ̀ sùn, ẹ máa bi mí pé kí ni mo ṣe fún un."

Àwa méjèèjì ò ní ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́ láyé. Kànga náà ti ń tú epo báyìí, wọ́n ní ó tilẹ̀ dáa ju àwọn tó kù lọ.

Ìyá ọkọ mi ń gbórí sókè nígboro, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé ọmọ òun kì í ṣe ojo. Nígbà tí Eyínafẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò wò ó. Ó pe káfíńtà, ó ní kó gun òrùlé, kó tú gbogbo páànù tí ọwọ́ ọkùnrin náà kàn dànù, kí òjò máa pa òun. Ohun tí mo ṣe fún Eyínafẹ́ náà ò dùn mí. Ẹ lè ka ìyẹn sí mi lọ́rùn.

Ti Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Mo lọ kí i nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, kò kí mi, kò sì ní kí n padà. Bàbá ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀, torí etí tó bàjẹ́ yẹn ti gba ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ a máa yí i. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ láìní ohùn. Kò gbọ́ ìkíni mi, ṣùgbọ́n bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ìrọ̀rí ṣe kí n lè ráyè jókòó.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù nítorí èjìká rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò ní Bàbá lọ́kàn rárá. Eyínafẹ́ ni mo dájú sọ. Ẹ ò mọ ohun tó fojú mi rí ni. Ó sùn, ọkọ mi kú."

Ó de bọ́tìnì náà títí dé ọrùn. Ó fọwọ́ ra ẹ̀wù náà láyà kó lè tẹ́.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹni yẹn sùn. Oorun ló gbé e. Ìwọ tí o lajú sílẹ̀ ńkọ́?"

 Ó fà mí dìde lápá, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.